I. K. Dáíró, Olórin Jùjú

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ ti gbọ́ orin jùjú rí níbi ìgbéyàwó tàbí ìsìnkú àgbà. Bóyá ẹ tilẹ̀ ti jó o. Ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n sọ orin náà di ààyò gbogbo ènìyàn ni Isaiah Kẹ́hìndé Dáíró, tí gbogbo ayé ń pè ní I. K. Dáíró.

Ìlú Ọ̀fà ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1930, ṣùgbọ́n Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ni ilé baba rẹ̀. Bí ẹ bá gbéra láti Òmùò, tí ẹ gba Adó àti Àrámọ̀kọ, tí ẹ sì ré ilẹ̀ Ẹ̀fọ̀n-Aláayè kọjá, ẹ ti ń wọ ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà nìyẹn.

Kẹ́hìndé bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé ní Ọ̀fà, ṣùgbọ́n kò sí owó láti fi bá a lọ. Ó lọ sí Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, ó sì di onígbàjámọ̀. Ìlù tí baba rẹ̀ ṣe fún un kò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 1942, nígbà tí kò tíì ju ọmọ ọdún 12 lọ, bí àwọn kan nínú yín, ó ti wà nínú ẹgbẹ́ onílù.

Ní 1948, ó lọ sí Ẹdẹ, ó ń kiri aṣọ fún ọ̀gá kan. Ọ̀gá náà kò mọ̀ pé ó máa ń yọ́ lọ bá àwọn olórin ṣeré. Nígbà tí àṣírí tú, ó lé e lọ. Ta ni yóò dá ọ̀gá náà lẹ́bi? Aṣọ ni ó gbà á láti tà, kì í ṣe ìlù. Iṣẹ́ agbára ni Dáíró wá ń ṣe jẹun, títí ó fi rí owó díẹ̀ kó jọ, tí ó sì forí lé Ìbàdàn.

Ní 1957, ó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Morning Star ni ó kọ́kọ́ pè é. Lẹ́yìn náà ó yí i padà sí Blue Spots. Àkọ́díọ̀nù ni ohun tí ó mú wọ inú jùjú tí ó ya gbogbo ènìyàn lẹ́nu. Àpótí orin ni. Olórin a gbé e kọ́ àyà, a máa fà á ṣí, a sì máa tẹ̀ ẹ́ pa bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ, bí ìka rẹ̀ ti ń tẹ ojú orin. Síbẹ̀ gángan kò dákẹ́ nínú orin rẹ̀. Kì í ṣe Yorùbá nìkan ni ó fi ń kọrin; ó kọ ọ́ ní èdè Ẹ̀dó, Ùròbò àti Haúsá pẹ̀lú.

Ní 1963, Ọbabìnrin Elizabeth Kejì fi oyè MBE dá a lọ́lá. Nígbà tí ó yá, ọ̀dọ́ bíi Ebenezer Obey àti Sunny Adé gba ojú agbo, òkìkí Dáíró sì rọlẹ̀. Ó ń ṣe òwò, ó sì ń ṣiṣẹ́ nínú ìjọ Aláàdúrà. Ṣùgbọ́n ní nǹkan bí 1990, àwo rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í jáde.

Ní 1994, yunifásítì kan ní ìlú Seattle, ní Amẹ́ríkà, gbà á láti wá kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní orin. Ẹ ẹ̀ rí nǹkan? Owó ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni kò sí fún ọmọ yìí lọ́jọ́sí!

Dáíró kú ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, ní ilẹ̀ Èkìtì wa níbí, ní ọjọ́ keje oṣù kejì ọdún 1996. Paul, ọmọ rẹ̀, di olórin pẹ̀lú, ó sì tún díẹ̀ nínú orin baba rẹ̀ kọ fún àwọn ọ̀dọ́.