Metchnikoff àti Ẹ̀gún Róòsì

Élie Metchnikoff ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Wọ́n bí i ní 1845 nítòsí Kharkiv, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Ukraine lónìí.

Ojú ọkùnrin yìí rí màbo. Ní 1873, ikọ́ ife pa Ludmila, ìyàwó rẹ̀ àkọ́kọ́. Ayé sú u débi pé ó gbìyànjú láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀, àmọ́ kò kú. Nígbà tó yá, ó fẹ́ Olga. Ní 1882, ó fi iṣẹ́ yunifásítì sílẹ̀ ní Odessa, ó sì kó ìdílé rẹ̀ lọ sí Messina ní Ítálì.

Lọ́jọ́ kan, àwọn ará ilé lọ wo eré ọ̀bọ, òun nìkan ló kù sílé. Ó ń fi awò wo ọmọ ẹja ìràwọ̀, tí ara rẹ̀ mọ́ gaara bíi gíláàsì. Ó já ẹ̀gún róòsì lọ́gbà, ó fi gún un. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń rìn kiri nínú ara rẹ̀ ti rọ̀gbà yí ẹ̀gún náà ká, bí ará àdúgbò tó gbọ́ igbe olè. Wọn ò lè gbé e mì, abẹ́rẹ́ kì í kúkú ṣe mímì fún adìẹ, ṣùgbọ́n wọn ò sá.

Ta ló wá ké sí wọn? Lónìí, a mọ̀ pé kẹ́míkà ni. Níbi tí ọgbẹ́ tàbí kòkòrò àrùn bá wà, ara a máa tú u jáde láti fi ránṣẹ́ sí àwọn sẹ́ẹ̀lì.

Ní 1884, Metchnikoff kọ̀wé nípa Daphnia, ẹ̀dá omi kékeré kan tí irú ìwúkàrà kan ń pa. Bí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá jẹ ìwúkàrà náà tán, ó yè. Bí wọn ò bá rí i jẹ tán, ó kú nìyẹn.

Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ta kò ó. Wọ́n ní omi inú ẹ̀jẹ̀ ló ń pa kòkòrò àrùn, kì í ṣe sẹ́ẹ̀lì. Kò yé jiyàn, kò sì yé ṣiṣẹ́, ní Pasteur Institute ní Paris. Ní 1908, òun àti Paul Ehrlich, tó wà ní ìhà kejì, jọ gba ẹ̀bùn Nobel, torí òótọ́ wà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Ó kú ní 1916.

Ní tèmi, ohun tó jọ mí lójú jù ni pé ẹni tí àìsàn gba aya lọ́wọ́ rẹ̀ ló wá fi ayé rẹ̀ wá bí ara ṣe ń borí àìsàn. Ẹ̀yin tó ń ṣe Báyọ́lọ́jì, bí ẹ bá tún rí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun nínú ìwé yín, ẹ rántí rẹ̀ o.