Licklider: Ẹni tí ó Ro Àsopọ̀ Kọ̀ǹpútà
Ìlú St. Louis ní Amẹ́ríkà ni wọ́n bí J. C. R. Licklider sí ní 1915. Ìmọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ni ó fi gba oyè ọ̀mọ̀wé, kì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀rọ. Nígbà náà, kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ń dá ṣe tirẹ̀ ni, wọn kò gbọ́ èdè ara wọn. Àwa tí wọ́n bí sí Òkè Ọya mọ bí ìyẹn ti ń rí!

Ní 1963, nígbà tí ó ń ṣe olórí ẹ̀ka kan ní ARPA, iléeṣẹ́ ìwádìí ìjọba, ó kọ̀wé sí àwọn onímọ̀ tí ó ń fún lówó, ó bi wọ́n léèrè bí kọ̀ǹpútà wọn yóò ṣe máa gbọ́ra yé. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Wáyà nìkan kò tó. Ó di ìgbà tí òfin kan bá wà tí gbogbo wọn ń tẹ̀ lé, kí wọ́n tó lè jọ lo fáìlì, lẹ́tà tàbí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan ṣoṣo.

Ó kúrò ní ARPA ní 1964. Àwọn mìíràn ni ó so àwọn ẹ̀rọ náà pọ̀ ní 1969. Nínú iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n rán, lẹ́tà méjì péré ni ó dé kí ẹ̀rọ tó dákú. Licklider kú ní 1990.