ANTON RUBINSTEIN: Ọ̀GÁ ONÍDÙÙRÙ TÍ KÒ FI ÌMỌ̀ RẸ̀ PAMỌ́

Ẹ̀yin ọmọ ìlú wa nílé àti ní ìdálẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ kì í tán lẹ́nu Ẹgbẹ́ wa. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ kí a gbé ìgbésí ayé ọkùnrin kan yẹ̀ wò. Ará ilẹ̀ òkèèrè ni, ṣùgbọ́n ìwà rẹ̀ jẹ́ àwòkọ́ṣe fún ẹnikẹ́ni tí Ọlọ́run bá fi ìmọ̀ jíǹkí.

Ní ọdún 1829 ni a bí Anton Rubinstein ní abúlé Vykhvatinets, lábẹ́ ìjọba ọba Rọ́ṣíà. Júù ni ìdílé rẹ̀, ṣùgbọ́n a ṣe ìrìbọmi fún gbogbo wọn nígbà tí ó wà ní kékeré. Ìyá rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ kọ́ ọ ní dùùrù píánò títẹ̀. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún 9, ó ti ń tẹ̀ ẹ́ níwájú àwùjọ ní ìlú Moscow.

Ní ayé ìgbà náà, òfin Rọ́ṣíà mọ ipò oníṣòwò, ó sì mọ ti àlùfáà, ṣùgbọ́n kò mọ ti olórin. Èyí dun Rubinstein púpọ̀. Elena Pavlovna, ẹni ìdílé ọba, ràn án lọ́wọ́, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ olórin sílẹ̀ ní 1859. Ní 1862 ni ó dá ilé-ẹ̀kọ́ gíga orin sílẹ̀ ní St. Petersburg. Tchaikovsky, tí òkìkí rẹ̀ kàn ká ayé, wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ níbẹ̀.

Nígbà tí ó lọ sí Amẹ́ríkà ní 1872, ó tẹ dùùrù níwájú àwùjọ ní ìgbà tí ó lé ní 200 láàárín oṣù mẹ́jọ. Owó wọlé, ṣùgbọ́n irú iṣẹ́ àṣekúdórógbó bẹ́ẹ̀ sú u.

Ohun tí ó mú kí n kọ ìwé yìí ni èyí tí ó ṣe ní 1885 sí 1886. Ó to ìtàn orin dùùrù lẹ́sẹẹsẹ sí ọ̀nà méje, láti orí àwọn àgbà ayé àtijọ́ títí dé orí àwọn ará Rọ́ṣíà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ kan ṣoṣo, iṣẹ́ ńlá mẹ́jọ ti Beethoven ni ó tẹ̀. Ní St. Petersburg àti Moscow, bí àwọn olówó bá ti sanwó gbọ́ ọ tán, yóò tún gbogbo rẹ̀ tẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́.

Síbẹ̀, ó mọ̀ pé gbígbọ́ nìkan kò tó. Ní 1888 sí 1889, ó jókòó ti dùùrù ní ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó ń tẹ orin, ó sì ń sọ àsọyé lé e lórí: ta ni ó kọ ọ́, irú ayé wo ni onítọ̀hún gbé, kí ni a sì gbọ́dọ̀ fetí sí nínú rẹ̀. Bí ó ti ń fi ẹnu là á yé wọn ni ìka rẹ̀ ń fi í hàn.

Ní 1891 ó fi ipò ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀. Ìjọba ń fẹ́ kí a máa fi ẹ̀yà ènìyàn díwọ̀n ẹni tí yóò wọlé àti ẹni tí yóò gba ẹ̀bùn, dípò ẹ̀bùn orin tí ó ní. Kò gbà. Ó kú ní Peterhof ní 1894.

Ẹ̀yin tí ẹ ti kàwé, tí ẹ sì kọ́ṣẹ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ìmọ̀ yín mọ sọ́dọ̀ ẹni tí ó lè sanwó. Nígbà tí ẹ bá wálé, ẹ là á yé àwọn ọmọ wa pẹ̀lú. Èyí ni ìdàgbàsókè ìlú.