Dókítà Abímbọ́lá Awólíyì, obìnrin tó di ọ̀gá àwọn dókítà ní Massey Street

Tí aláìsàn bá dé ilé ìwòsàn níbí l'Àjàṣẹ́, tó bá ọkùnrin kan àti obìnrin kan tí wọ́n jọ wọ aṣọ funfun, ọkùnrin yẹn ni yóò kọ́kọ́ kí ní dókítà. Obìnrin yẹn, nọ́ọ̀sì tàbí agbẹ̀bí ni yóò pè é, láì tíì béèrè iṣẹ́ tó ń ṣe. Àwa náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí, a ò ní purọ́. Ó ti mọ́ wa lára, ó sì ní ibi tó ti ṣẹ̀ wá. Ìdí nìyí tí a fi mú ìtàn Dókítà Elizabeth Abímbọ́lá Awólíyì wá fún yín lónìí. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó ṣiṣẹ́ dókítà ìgbàlódé ní Nàìjíríà.

Ìlú Èkó ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1910. David Evaristo Akéréle ni orúkọ bàbá rẹ̀, Rufina ni ìyá rẹ̀ ń jẹ́. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn Kátólíìkì tí wọ́n ń pè ní St. Mary's ló ti bẹ̀rẹ̀ ìwé. Lẹ́yìn náà ló lọ sí Queen's College, ilé-ẹ̀kọ́ girama tí ìjọba dá sílẹ̀ fún àwọn ọmọbìnrin l'Ékòó ní ọdún 1927.

Láyé ìgbà náà, ọmọbìnrin tó bá ka ìwé délẹ̀, iṣẹ́ tíṣà, nọ́ọ̀sì tàbí agbẹ̀bí ni wọ́n máa ń là sílẹ̀ fún un. Bó ṣe rí l'Ékòó náà ló rí lọ́dọ̀ tiwa níbí. Ní ọdún 1918 ni àwọn Faransé dá ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn sílẹ̀ ní Dakar fún àwọn ọmọ ilẹ̀ adúláwọ̀ tó wà lábẹ́ wọn. Àwọn ọmọ Dahomey lọ síbẹ̀, lọ́kùnrin lóbìnrin. Ṣùgbọ́n ọ̀nà wọn kò pa pọ̀: àwọn ọkùnrin ń kọ́ iṣẹ́ dókítà, àwọn obìnrin ń kọ́ iṣẹ́ agbẹ̀bí. Émile Derlin Zinsou, ọmọ Ouidah tó di ààrẹ Dahomey ní ọdún 1968, wà lára àwọn ọkùnrin tó gba ìwé ẹ̀rí dókítà níbẹ̀. Àwọn obìnrin tó kàwé níbẹ̀ padà wálé, wọ́n gbẹ̀bí fún àwọn ìyá wa àti ìyá àgbà wa, iṣẹ́ ńlá sì ni wọ́n ṣe. Àmọ́ kò sẹ́ni tó bi wọ́n bóyá iṣẹ́ dókítà ni wọ́n fẹ́. Òfin ilé-ẹ̀kọ́ ti pín in fún wọn kí wọ́n tó dé.

Àwọn òyìnbó tó ṣe òfin yìí náà ti fi irú rẹ̀ ni àwọn obìnrin tiwọn lára. Ní ọdún 1870, nígbà tí àwọn obìnrin mélòó kan fẹ́ ṣe ìdánwò ìṣègùn ní Edinburgh, nílẹ̀ Scotland, àwọn ọkùnrin akẹ́kọ̀ọ́ kóra jọ sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń ju ẹrẹ̀ lù wọ́n. Ilẹ̀ Ireland ló tètè gba obìnrin láàyè. Láti ọdún 1885 ni ilé-ẹ̀kọ́ àwọn oníṣẹ́ abẹ tó wà ní Dublin ti ń gbà wọ́n wọlé.

Dublin yìí gan-an ni Abímbọ́lá Akéréle gbà lọ. Ní ọdún 1938, ó gba ìwé ẹ̀rí dókítà níbẹ̀. Kì í ṣe pé ó kàn ráre yege. Ó gba àmì ẹ̀yẹ nínú ìmọ̀ ìṣègùn, ó sì ta yọ nínú ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀yà ara. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá mọ ọwọ́ wẹ̀, á bá àgbà jẹun. Abímbọ́lá mọ ọwọ́ wẹ̀.

A gbọ́dọ̀ sọ ọ́ pé ẹnìkan ti ṣíwájú rẹ̀. Agnes Yéwándé Savage, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ dókítà ọmọ Nàìjíríà tí ìyá rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ Scotland, ti gba ìwé ẹ̀rí dókítà ní Edinburgh ní ọdún 1929. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ láti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tó dé ipò náà. Ilẹ̀ Gold Coast, tó di Ghana, ló ti ṣiṣẹ́. Ìwé rẹ̀ ju ti ọ̀pọ̀ ọkùnrin tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ lọ, síbẹ̀ owó tí wọ́n ń san fún un kò tó tiwọn.

Nígbà tí Abímbọ́lá padà sílé, ilé ìwòsàn Massey Street ní Ìsàlẹ̀ Èkó ló ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ní ipò dókítà kékeré. Ìtọ́jú aboyún àti àìsàn obìnrin ló yàn láàyò. Ẹnìkan lè sọ pé iṣẹ́ obìnrin náà kọ́ nìyẹn ni? Ohun tó yẹ ká wò rèé. Láti ayé bàbá ńlá wa, ọwọ́ obìnrin ni ìgbẹ̀bí wà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìgbẹ̀bí wọ ilé ìwòsàn òyìnbó, àwọn obìnrin ló ń dúró ti aboyún, ọkùnrin ló ń pàṣẹ. Ipò àṣẹ yẹn ni Abímbọ́lá lọ bá, kì í ṣe iṣẹ́ ìgbẹ̀bí nìkan.

Kò yá bọ̀rọ̀. Ọdún 1960, tí Dahomey àti Nàìjíríà gba òmìnira, ló di ọ̀gá àgbà àwọn dókítà ní Massey Street. Ọdún méjìlélógún ti kọjá lórí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ nígbà náà. Ó wà lórí ipò yẹn títí di ọdún 1969. Ní ọdún 1962, ìjọba àpapọ̀ fi í ṣe àgbà onímọ̀ nípa aboyún àti àìsàn obìnrin. Dókítà tó tún wà lókùnrin gbọ́dọ̀ jábọ̀ fún un.

Dókítà bíi tirẹ̀ ló fẹ́, Dókítà S. O. Awólíyì, wọ́n sì bímọ méjì. Ó kọ ìwé lórí ìtọ́jú ọmọ fún àwọn abiyamọ, ó sì ń dáko. Ní ọdún 1964, ó di ààrẹ kejì fún àpapọ̀ ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Nàìjíríà, National Council of Women's Societies, ó sì wà níbẹ̀ títí ó fi kú. Àwọn ará Èkó fi í joyè Ìyá Àbíyè. Ẹ wo oyè náà dáadáa: orúkọ tí a ń fún àwọn agbẹ̀bí ilé wa àtijọ́ ni wọ́n fi dá ọ̀gá dókítà lọ́lá. Wọ́n mọ̀ pé kò já iṣẹ́ àwọn ìyá rẹ̀ sílẹ̀, ó gbé e ga ni.

Oṣù kẹsàn-án ọdún 1971 ló dágbére fáyé, lẹ́ni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta.

Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún báyìí tó ti kú, àmọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ kan ilé wa. Ìyá tó ń tajà ní Ouando, tó ń tọ́jú owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀ obìnrin, lè gbọ́ lẹ́nu ọmọ náà pé iṣẹ́ dókítà lòun fẹ́. Àwọn ẹbí á ní kó lọ kọ́ iṣẹ́ agbẹ̀bí, pé ìyẹn ló tètè ń parí, ìyẹn ló bá obìnrin mu, torí ọkọ. Iṣẹ́ agbẹ̀bí kì í ṣe iṣẹ́ yẹpẹrẹ, ẹ̀mí ìyá àti ọmọ wà lọ́wọ́ wọn. Bí ọmọ bá yàn án fúnra rẹ̀, ká dúró tì í. Tó bá jẹ́ ọmọ ọkùnrin ló sì fẹ́ ṣe é, ká má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tí kò dáa ni ká ti pín iṣẹ́ fún ọmọ kó tó sọ tinú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó rọrùn jù. Lọ́jọ́ tí ẹ bá tún dé ilé ìwòsàn, tí obìnrin kan bá wọlé wá yẹ̀ yín wò, ẹ má ṣe bi í pé ìgbà wo ni dókítà ń bọ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun náà ni dókítà.