Edwin Armstrong, ẹni tó po ìgbì méjì pọ̀ nínú rédíò

Rédíò kékeré tí ẹ rà ní Dantokpa, tí ẹ ń gbé lọ sóko, iṣẹ́ ọpọlọ ọkùnrin kan wà nínú rẹ̀. Edwin Howard Armstrong ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ Amẹ́ríkà ni, àmọ́ Páríìsì ló wà nígbà tí èrò náà sọ sí i lọ́kàn, lásìkò ogun.

New York ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 18 oṣù kejìlá ọdún 1890. Nígbà tó wà ní kékeré, àìsàn kan mú un kúrò ní ilé-ìwé fún ọdún méjì. Àìsàn náà lọ, àmọ́ ejìká rẹ̀ ò yé gbọ̀n títí ayé rẹ̀. Ẹ̀rù ibi gíga kì í bà á rárá: ní Yonkers, ó gbé òpó rédíò kan ró sẹ́yìn ilé bàbá rẹ̀ tó ga ju mítà 35 lọ, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń gùn ún. Ní ọdún 1912, tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Columbia, ó rí ọ̀nà tí lámpù rédíò fi lè gbé ohùn tó kéré sókè ní ìlọ́po-ìlọ́po. Lámpù tí mo wí yìí kì í ṣe tiná o. Ìgò kékeré ni, òun ni wọ́n ń lò kí transistor tó dé.

Ní 1917, wọ́n rán an lọ sí Faransé pẹ̀lú ọmọ ogun Amẹ́ríkà. Ìṣòro kan wà nílẹ̀ nígbà náà. Ìgbì rédíò ń mì, iye ìgbà tó sì ń mì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ni à ń pè ní fréquence. Èyí tó bá ń mì kíákíá jù, lámpù ìgbà yẹn ò lè gbé e sókè dáadáa. Ní 1918, Armstrong ní kí rédíò máa dá ìgbì tirẹ̀ sílẹ̀ nínú ikùn ara rẹ̀, kí ó pò ó pọ̀ mọ́ èyí tó ń bọ̀ láti òde. Ibi tí wọ́n ti ń pàdé ni àwọn Faransé ń pè ní mélangeur. Ìgbì tuntun máa ń jáde níbẹ̀: ọ̀kan jẹ́ àròpọ̀ fréquence méjèèjì, èkejì jẹ́ ìyàtọ̀ wọn.

Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà ṣe é. Ká ní ilé-iṣẹ́ rédíò kan wà lórí 98,2. Rédíò yín á dá 108,9 sílẹ̀ nínú. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 10,7. Bí ẹ bá yí bọ́tìnì lọ sí ilé-iṣẹ́ mìíràn, ìgbì inú yẹn lẹ ń yí, ìyàtọ̀ náà á tún jẹ́ 10,7. Ó dà bí àwọn tó ń ṣẹ́ owó ní ẹnubodè Kraké: ẹ mú náírà wá ni o, ẹ mú dọ́là wá ni o, sẹ́fà lẹ máa gbà lọ. Ìyókù rédíò ò nílò láti mọ̀ ju 10,7 lọ. Àmọ́ ẹ wò ó, 119,6 náà fi 10,7 jìnnà sí 108,9. Ibẹ̀ sì ni àwọn awakọ̀ òfurufú ti ń sọ̀rọ̀. Ìdí nìyẹn tí rédíò olówó pọ́ọ́kú fi lè ṣàdédé gbé ohùn wọn nítòsí pápá Cadjehoun.

Armstrong nìkan kọ́ ló ronú bẹ́ẹ̀. Lucien Lévy, ọmọ Faransé tó ń ṣiṣẹ́ rédíò fún àwọn ológun, ti kọ irú rẹ̀ sínú ìwé brevet ní oṣù kẹjọ 1917. Ilé-iṣẹ́ AT&T ra ẹ̀tọ́ Lévy, wọ́n sì fi gbógun ti Armstrong ní Amẹ́ríkà. Nínú kókó 9 tó wà nínú ìwé ẹ̀tọ́ Armstrong, 7 bọ́ sọ́wọ́ Lévy. Lójú tèmi, àwọn méjèèjì ló yẹ kí á máa dárúkọ, ṣùgbọ́n Armstrong ló sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ayé ń lò. Nígbà tó gbé Marion MacInnis níyàwó ní 1923, rédíò irú èyí tó ṣeé gbé rìn ni ẹ̀bùn tó fún un.

Lónìí, akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ ṣe mélangeur kì í kọ́kọ́ mú irin ìjó. Orí kọ̀ǹpútà ló ti ń yà á, nínú ètò bíi LTspice, tó jẹ́ ọ̀fẹ́. Bàbá àwọn ètò wọ̀nyí, SPICE, jáde ní Berkeley ní 1973. Ibì kan wà tí ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń kọsẹ̀: wọ́n á ní kí ètò náà ṣe àyẹ̀wò AC, wọ́n á wá 10,7 títí, wọn ò ní rí i. Ayàwòrán náà ò burú. Àyẹ̀wò AC ń mú gbogbo nǹkan bíi pé ó tọ́ gbọọrọ bí okùn tí a fà, bẹ́ẹ̀ nǹkan tó bá tọ́ gbọọrọ kì í bí fréquence tuntun. Ìwà wíwọ́ lámpù tàbí transistor gan-an ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Ẹ ní kí kọ̀ǹpútà tẹ̀ lé ìgbì náà ní ìṣẹ́jú dé ìṣẹ́jú, kí ẹ sì fi Fourier tú u palẹ̀. 10,7 á yọ, 207,1 náà á yọ.

Irú ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀ sí Armstrong. Ní 1922, John Carson ti AT&T ṣe ìṣirò, ó ní FM ò lérè. Ìṣirò rẹ̀ tọ́, ṣùgbọ́n orí ìgbì tóóró ló gbé e lé. Armstrong mú un gbòòrò, ariwo òjò àti mànàmáná sì pòórá nínú rédíò. Ó gba ìwé ẹ̀tọ́ FM ní 1933.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ David Sarnoff, ọ̀gá RCA, kò fẹ́ ẹ. Tẹlifíṣọ̀n ló gbájú mọ́. Ní 1934, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Amẹ́ríkà gba iṣẹ́ 1912 yẹn lọ́wọ́ Armstrong, wọ́n fún Lee de Forest, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn onímọ̀ rédíò kọ̀, wọn ò gba àmì-ẹ̀yẹ tí wọ́n fún un padà. Nígbà ogun kejì, ó jẹ́ kí ọmọ ogun Amẹ́ríkà lo FM rẹ̀ láìgba kọ́bọ̀. Ní 1945, ìjọba ṣí FM lọ sí 88 sí 108, tí à ń rí lójú rédíò wa títí dòní. Rédíò FM tí àwọn èèyàn ti rà di òfo. Ní 1948, ó pe RCA lẹ́jọ́. Ẹjọ́ náà fà, owó rẹ̀ tán, ilé rẹ̀ dàrú. Ní òpin oṣù kìíní 1954, ó gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Ọmọ ọdún 63 ni. Rédíò Dahomey ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Kútọnu ní ọdún tó ṣáájú ni.

Marion ò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kú. RCA sanwó fún un lọ́dún yẹn kan náà, nǹkan bíi mílíọ̀nù dọ́là kan. Ó wá ń bá àwọn ilé-iṣẹ́ yòókù fà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì borí èyí tó gbẹ̀yìn, Motorola, ní 1967.