Aneurin Bevan: Owó Ẹgbẹ́ Tó Di Ìwòsàn Gbogbo Ìlú

Ọdún 1897 ni wọ́n bí Aneurin Bevan sí Tredegar, nílẹ̀ Wales. Ọmọ ọdún 13 ló ti ń wa èédú. Eruku èédú ló pa bàbá rẹ̀ ní 1925, ẹbí kò rí owó gbà-má-bìínú. Ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ ìlú náà ń dáwó ẹgbẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, òun ni wọ́n fi ń sanwó dókítà.

Nígbà tí Bevan di mínísítà ètò ìlera ní 1945, irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ ló fẹ́ fún gbogbo Britain. Ọ̀pọ̀ dókítà takú, kò yẹsẹ̀. Ní July 5, 1948, ìwòsàn di ọ̀fẹ́ fún olówó àti tálákà. Ó kú ní 1960.

Ẹ̀yin ará wa lájò, ẹ má fojú kéré owó ẹgbẹ́.