Àjàyí, Ọmọ Òṣoògùn

Bí a bá wọ ọkọ̀ ojú omi ní Àjàṣẹ́, tí a ń lọ lórí ọ̀sà síhà ibi tí oòrùn ti ń yọ, a ó dé Àgbádárìgì. Kò jìnnà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìyá yín tó ń ṣòwò mọ ibẹ̀ bí ẹni mọ ẹ̀yìnkùlé ilé rẹ̀.

Ní oṣù kìíní ọdún 1845, ọkùnrin kan sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Àgbádárìgì. Aláwọ̀ dúdú bíi tiwa ni. Yorùbá ni. Àlùfáà ìjọ Kristẹni ni, ó sì mọ ìwé dáadáa. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi ilẹ̀ yìí sílẹ̀, ní ọdún 23 ṣáájú ọjọ́ náà, ẹrú ni. Wọ́n tà á bí ẹni ta ewúrẹ́.

Orúkọ rẹ̀ ni Àjàyí. Ìtàn rẹ̀ ni a fẹ́ kà.

Ẹ̀yin ọmọ, ṣé ẹ mọ ìdí tí a fi ń sọ ọmọ ní Àjàyí? Ọmọ tó bá dojú bolẹ̀ nígbà tí ìyá rẹ̀ bí i ni à ń pè bẹ́ẹ̀. Orúkọ àmútọ̀runwá ni. Wọ́n bí Àjàyí tiwa yìí ní Òṣoògùn, ìlú kan nítòsí Ìsẹ́yìn, ní nǹkan bí ọdún 1809. Àfàlá ni orúkọ ìyá rẹ̀. Ó ní àwọn arábìnrin, ó sì ń gbé láàárín ìdílé rẹ̀ bí gbogbo ọmọdé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ní ọdún 1821, ìyá Àjàyí ń se oúnjẹ lọ́wọ́. Oúnjẹ náà kò tíì jinná tí ariwo fi sọ nínú ìlú. Ogun ti dé! Àwọn ọkùnrin sáré lọ sí ẹnu odi láti jà. Àwọn obìnrin gbé ọmọ pọ̀n, wọ́n fẹ́ sá wọ inú igbó. Wọn kò lè sá lọ. Àwọn jagunjagun wọ ìlú, wọ́n dáná sun ilé. Wọ́n ju okùn sí ọrùn Àjàyí, àti ti ìyá rẹ̀, àti ti àwọn arábìnrin rẹ̀. Wọ́n so wọ́n mọ́ra, wọ́n sì fà wọ́n lọ.

Ní ọjọ́ kan ṣoṣo náà, Àjàyí pàdánù ilé, ó pàdánù ìlú, ó pàdánù bàbá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yà á kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Wọ́n fi í pààrọ̀ ẹṣin. Nígbà tó yá, wọ́n ní ẹṣin náà kò tẹ́ àwọn lọ́rùn, wọ́n dá ẹṣin padà, wọ́n sì gba ọmọ padà. Ó tún rí ìyá rẹ̀ fún oṣù díẹ̀. Wọ́n tún yà wọ́n. Wọ́n tà á fún ẹni kan, ẹni yẹn tà á fún ẹlòmíràn. Nígbà kan, tábà àti ọtí ni wọ́n fi rà á. Ẹ wo ọmọ ènìyàn tí wọ́n fi ń ra tábà!

Níkẹyìn wọ́n mú un dé Èkó. Àwọn Potogí rà á níbẹ̀. Wọ́n kó òun àti àwọn ẹrú mìíràn sínú ọkọ̀ ńlá kan. Gbogbo wọn jẹ́ 187. Ọkọ̀ náà ń lọ sí òkè òkun, níbi tí ẹrú kì í ti í padà wá.

Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 1822, àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì dá ọkọ̀ ẹrú náà dúró lójú òkun. Ní àkókò yẹn, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti fi òfin de òwò ẹrú, wọ́n sì ń lé àwọn tó ń ṣe é. Wọ́n kó Àjàyí àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bọ́ sínú ọkọ̀ ogun. Ẹ̀rù bà wọ́n gidigidi. Wọ́n rí ẹran tí wọ́n so rọ̀, wọ́n rò pé ẹran ènìyàn ni. Wọ́n rí àwọn ọta àgbá tó rí róbótó, wọ́n rò pé orí ènìyàn ni. Nígbà tí wọ́n súnmọ́ ọn, wọ́n rí i pé ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni èyí, irin sì ni ìyẹn. Ọkàn wọn wá balẹ̀ díẹ̀.

Ọkọ̀ gbé wọn lọ sí Sàró, ilẹ̀ tí à ń pè ní Sierra Leone lónìí. Níbẹ̀, Àjàyí kì í ṣe ẹrú mọ́. Wọ́n fi í sí ilé-ìwé. Ó kọ́ iṣẹ́ káfíńtà, ó sì kọ́ ìwé. Láàárín oṣù mẹ́fà ó ti lè kàwé. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ fún olùkọ́ yín pé ìwé le, ẹ má gbàgbé pé èdè tí Àjàyí fi kọ́ ìwé tirẹ̀ kò sí ẹni tó sọ ọ́ sí i létí rí ní Òṣoògùn.

Ní Sàró ni ó ti gbọ́ nípa Jésù. Ní ọdún 1825, ó ṣe ìrìbọmi, ó sì gba orúkọ Sámúẹ́lì Crowther. Kò ju Àjàyí nù. Sámúẹ́lì Àjàyí Crowther ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí.

Mo mọ̀ pé inú kíláàsì yín kò rí bákan náà. Àwọn kan ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn kan ń lọ sí mọ́sálásí, ilé àwọn kan sì wà lẹ́bàá ojúbọ. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí Àjàyí gbà gbọ́, kí ìtàn yìí lè yé gbogbo yín. Àwọn Kristẹni gbà pé ohun tí ojú rí yóò kọjá lọ. Aṣọ yóò gbó, ilé yóò wó, owó yóò tán, ọba yóò wàjà. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run kì í kọjá lọ. Ìfẹ́ rẹ̀ kì í tán. Ọkàn ènìyàn tó bá sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ yóò wà títí ayérayé. Ọ̀rọ̀ ńlá ni ayérayé. Bí ẹ bá ka gbogbo iyanrìn etíkun tán ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ayérayé kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù.

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Àjàyí lára. Wọ́n ti gba gbogbo ohun tó ní lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ti ta ara rẹ̀ pàápàá. Ó wá gbọ́ pé ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni kò lè jí, tí wọn kò sì lè gbé lọ sọ́jà. Ohun náà ni ó dì mú. Nígbà tó dàgbà, ó tilẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé pé ọjọ́ rere ni òun ka ọjọ́ tí wọ́n mú òun sí, nítorí ibi tó gbé òun dé. Níhìn-ín, mo máa ń dákẹ́ díẹ̀. Ìwà ìkà ni òwò ẹrú, n kò sì lè pe ọjọ́ yẹn ní rere. Ṣùgbọ́n Àjàyí ni wọ́n so okùn mọ́ lọ́rùn, kì í ṣe èmi.

Ó tẹ̀síwájú nínú ẹ̀kọ́. Ní ọdún 1827, ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga Fourah Bay. Ó fẹ́ Susan, ọmọbìnrin tí àwọn náà gbà sílẹ̀ lóko ẹrú. Ní ọdún 1841, ó bá àwọn òyìnbó lọ sí odò Ọya. Ní ọdún 1843, ó di àlùfáà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ó wàásù ní èdè Yorùbá ní Sàró. Ọ̀pọ̀ àwọn tó gbọ́ ọ níbẹ̀ ni wọ́n ti mú lẹ́rú bíi tirẹ̀.

Báyìí ni ó ṣe dé Àgbádárìgì ní ọdún 1845. Abẹ́òkúta ni ó ń lọ, ṣùgbọ́n ogun dí ọ̀nà. Ó dúró ní Àgbádárìgì fún bí ọdún kan àti ààbọ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1846, ó wọ Abẹ́òkúta.

Ní ọjọ́ 21 oṣù náà, obìnrin àgbàlagbà kan wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ti gbọ́ pé ọmọ òun tó sọnù ti dé. Àfàlá ni!

Ìyá àti ọmọ wo ara wọn. Ọdún 25 ni wọn kò fi ojú kan ara wọn. Ọmọdé ni Àjàyí nígbà tí wọ́n yà wọ́n, ó ti di bàbá ọmọ báyìí. Wọn kò lè sọ̀rọ̀. Wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú, ara ìyá ń gbọ̀n, omijé ń ṣàn lójú àwọn méjèèjì. Ó wo ọmọ rẹ̀ títí. Lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní àwọn orúkọ tí wọ́n fi ń kẹ́ ẹ nígbà tó wà ní kékeré. Àjàyí ti ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ṣì mọ àwọn orúkọ wọ̀nyẹn.

Àfàlá ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀, ó ń gbọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ní ọdún 1848, ó ṣe ìrìbọmi. Hánà ni wọ́n sọ ọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka Bíbélì mọ̀ pé Hánà ni orúkọ ìyá Sámúẹ́lì.

Àfàlá kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Báwo ni yóò ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run tí ọmọ rẹ̀ ń sọ, bí kì í bá ṣe ní Yorùbá? Iṣẹ́ tí Àjàyí rí níyẹn. Ó ti tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní ọdún 1843. Ó wá ń túmọ̀ Bíbélì díẹ̀díẹ̀. Òun nìkan kọ́ ló ṣe é. Àwọn mìíràn bíi Thomas King ràn án lọ́wọ́. Kì í kàn kọ ọ̀rọ̀ èyíkéyìí tó bá wá sí ẹnu rẹ̀. Ó máa ń tẹ́tí sí àwọn àgbà láti mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀. Bó bá gbọ́ òwe tuntun, á kọ ọ́ sílẹ̀. Bó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ tí kò mọ̀, á kọ ọ́ sílẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ni ó fi ń kó àwọn ọ̀rọ̀ àti òwe wọ̀nyí jọ.

Ní ọdún 1862, ilé rẹ̀ ní Èkó gbiná.

Iná jó ilé náà, ó jó ẹrù inú rẹ̀, ó sì jó àwọn ìwé tó fi ọwọ́ kọ. Òwe ọdún mọ́kànlá di eérú. Ìyẹn ni ó dun Àjàyí jù lọ. Ẹrù ilé, ènìyàn lè tún un rà. Ṣùgbọ́n kò sí ọjà tí wọ́n ti ń ta ọ̀rọ̀ tí ènìyàn ti gbàgbé, àwọn àgbà mìíràn tó sọ ọ́ fún un sì ti kú.

Ẹ̀yin ọmọ, Àjàyí kò ṣe bí ẹni pé kò dun òun. Ó kẹ́dùn. Lẹ́yìn náà ni ó jókòó, ó mú ìwé, ó sì tún bẹ̀rẹ̀. Ìwé tí iná lè jó kọ́ ni ó ń ṣiṣẹ́ fún. Àwọn ènìyàn ni, àwọn bíi Àfàlá, tí ọkàn wọn ṣe iyebíye lójú rẹ̀ ju ilé lọ. Àwọn yẹn ṣì wà.

Ọdún méjì lẹ́yìn iná náà, ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 1864, wọ́n fi Àjàyí jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní ìlú Canterbury ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ìjọ Áńgílíkà fi jẹ bíṣọ́ọ̀bù. Ṣọ́ọ̀ṣì kún. Àgbàlagbà kan tó ti jẹ́ ọ̀gá nínú ọkọ̀ ogun jókòó níbẹ̀. Leeke ni orúkọ rẹ̀. Òun ni ọ̀gá ọkọ̀ ogun tó gba Àjàyí sílẹ̀ lójú òkun. Obìnrin tó kọ́ Àjàyí ní ìwé kíkà ní Sàró wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí mo bá ń bẹ àwọn ilé-ìwé wò, tí mo bá rí olùkọ́ tó ti rẹ̀, obìnrin yìí ni mo máa ń rántí.

Bíṣọ́ọ̀bù Crowther padà sí ìhà odò Ọya. Ó dá ìjọ àti ilé-ìwé sílẹ̀. Inú ọkọ̀ ojú omi ni ó ń wà lọ́pọ̀ ìgbà, bẹ́ẹ̀ sì ni omi ti ń bà á lẹ́rù nígbà tó wà lọ́mọdé. Àfàlá kú ní ọdún 1883, lẹ́yìn tó ti darúgbó kùjọ́kùjọ́. Ní àwọn ọdún yẹn náà ni iṣẹ́ títúmọ̀ gbogbo Bíbélì sí Yorùbá parí.

Ọjọ́ ogbó rẹ̀ kò rọrùn. Ní ọdún 1890, àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó kan dé ibi iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní àwọn ènìyàn dúdú tó ń bá a ṣiṣẹ́ kò dára tó. Òótọ́ ni pé àwọn kan nínú wọn ṣe àṣìṣe. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ náà lé àwọn òṣìṣẹ́ kúrò, wọn kò sì ka ọ̀rọ̀ Bíṣọ́ọ̀bù sí, ẹni tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ó fi ìgbìmọ̀ tó wà pẹ̀lú wọn sílẹ̀. Wọ́n tún ti ń gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, bíi ti ìgbà èwe rẹ̀.

Kò fi ìgbàgbọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ń ran àwọn ìjọ tó wà létí òkun lọ́wọ́ kí wọ́n lè dá dúró, kí wọ́n máa bọ́ ara wọn. Àìsàn dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 1891. Òyìnbó ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀.

Àwọn òwe tí iná jó kò padà wá. Àwọn ìwé rẹ̀ yòókù wà. Ní ọjọ́ Ìsinmi, bí ẹ bá kọjá níwájú ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti ń fi Yorùbá sìn níhìn-ín ní Àjàṣẹ́, ẹ dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ẹ ó gbọ́ tí wọ́n ń ka Bíbélì.